Tọ́ọ̀n Pílánìn àti Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Aládùúgbò: Máàkì 2 Nínú 5

Bí aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ máa dojú kọ ẹ̀yìnkùlé ẹni ní Ìbàdàn, ọ́fíìsì tọ́ọ̀n pílánìn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń júwe. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló pín ìlú náà láàárín ara wọn, 5 nínú ìgboro, 6 ní ẹ̀yìn ìlú, ọ́fíìsì kan sì lè yá ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ẹni tó wá fẹjọ́ ilé aládùúgbò sùn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é jọra débi pé máàkì kan náà la máa fún iṣẹ́ náà: 2 nínú 5. Wọ́n gba máàkì 1 torí pé wọn kì í sábà lé ẹni tó mú lẹ́tà dání padà. Wọ́n gba èkejì torí pé òṣìṣẹ́ tó bá dé ojú ilẹ̀ níkẹyìn sábà máa ń mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Inú "níkẹyìn" yẹn ni wàhálà wà.

Ẹnu ọ̀nà gan-an ni ẹjọ́ ti máa ń wọ́. Ìyá kan á wọlé, á ní, "Wọ́n ń kọ́lé tí wọ́n á fi máa wo inú ilé mi." Òṣìṣẹ́ á dáhùn pé, "Alhájà, ẹ lọ fi sùúrù bá wọn sọ ọ́, ọmọ àdúgbò kan náà ni yín." Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 37, dá ààbò bo àṣírí ọmọ ìlú àti ti ilé rẹ̀, àmọ́ ilé ẹjọ́ ló ń túmọ̀ ìyẹn, kò sí lórí tábìlì tọ́ọ̀n pílánìn. Ohun tí tọ́ọ̀n pílánìn lè fọwọ́ kàn kò ju mẹ́ta lọ: àyè, àjà àti àṣẹ. Àyè tó wà láàárín ilé náà àti ààlà. Iye àjà tí wọ́n fọwọ́ sí. Àti bóyá ìwé àṣẹ ìkọ́lé tilẹ̀ wà. Ẹni tó bá gbé "wọ́n ń wò mí" lọ, àdúrà ni wọ́n á fi sìn ín jáde. Ẹni tó bá gbé "mítà 1.6 ló wà láàárín ògiri wọn àti ìlà bíkọ̀n wa" (òpó kékeré tí sọ̀fíyọ̀ ń rì mọ́ igun ilẹ̀ ni bíkọ̀n) lọ, wọ́n ní láti ṣí fáìlì.

Kò sì sí bébà kan lára ògiri ọ́fíìsì tó máa sọ èyí fún ẹni tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kọ lẹ́tà sí aládùúgbò kí wọ́n tó fọwọ́ sí pílánì ilé gbígbé. Ọjọ́ tí típà bá da yanrìn sílẹ̀ lẹ̀ ń gbọ́. Máàkì tí wọ́n pàdánù níbẹ̀, owó kọ́ ló fà á. Bébà kan ṣoṣo ni.

Àyè ló yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò jù fún ilé gbígbé ni mítà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn, mítà 6 níwájú. Mítà 3 yẹn fi díẹ̀ dín sí ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ béèrè ìwọ̀n ti àdúgbò yín lọ́wọ́ ọ́fíìsì náà kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, torí ẹ́sítéètì lè ní tirẹ̀. Ní Bẹẹrẹ, Ọjà'ba tàbí Òjé, níbi tí ògiri agbolé ti ń fara kan ara wọn láti ayé àwọn baba ńlá, ìjà mítà 3 kò lè rìn jìnnà. Ẹ fo ibẹ̀ kọjá sí ọ̀rọ̀ àjà. Ní Àkóbọ̀, Ológunẹrù tàbí Àpáta, níbi tí pulọ́ọ̀tì ti sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 tàbí 50 sí 100, àyè wà láti béèrè. Ẹ ṣírò èyí tó jẹ́ 50 wò: ẹ yọ 10 lọ́tùn-ún, ẹ yọ 10 lósì, 30 péré ló kù fún ilé. Ibẹ̀ ni ojúkòkòrò ti ń mú àwọn onílé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn máa ń gbà wọn àyè yìí tí ẹjọ́ rẹ̀ á fi bàjẹ́. Èkíní ni pé ó wọ̀n ọ́n láti ara fẹ́ǹsì. Fẹ́ǹsì kì í fìgbà gbogbo wà lórí ààlà. Ẹlòmíràn ti mọ ọ́n sínú ilẹ̀ tirẹ̀, ẹlòmíràn sì ti mọ ọ́n jáde. Bíkọ̀n tó wà nínú sọ́fè, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀ yín, ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ so okùn láti bíkọ̀n kan sí èkejì, kí ẹ sì wọn àyè láti ara okùn náà. Tí bíkọ̀n bá ti sọnù, ẹ pe sọ̀fíyọ̀ kí ó tún un fi hàn. Owó náà dùn ún san ju kí òṣìṣẹ́ dé, kó sì ní ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ lára ilẹ̀ onílẹ̀.

Èkejì ni ti ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Ìbàdàn sì rèé, òkè ló pọ̀ jù. Téèpù tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ tó ń rọ̀ máa ń kà ju bó ṣe yẹ lọ. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ní mítà 1 nínú gbogbo mítà 3, mítà 3 tí téèpù kà lórí ilẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 2.85 lọ tí ẹ bá fà á gbọọrọ. Ẹ gbé orí téèpù sókè títí tó fi máa tẹ́jú, ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ láti orí téèpù kó fi ojú ibi tó yẹ hàn. Bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ èyí, ó sì lè má sọ fún yín.

Ẹ̀kẹta ló ń tan òṣìṣẹ́ pàápàá jẹ. Wọ́n á wọn ògiri ìsàlẹ̀, á pé mítà 3, wọ́n á ní kò sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré àjà òkè, ti yọ síta lókè láti fi ṣe bákónì, ó lè tó mítà 1.2. Ẹni tó bá dúró sí bákónì náà, mítà 1.8 ló kù láàárín òun àti ààlà yín. Etí dẹ́kìn ni kí ẹ ti ju okùn olókùúta sílẹ̀, ibi tó bá bọ́ sí ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú lẹ́tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ògiri àti ti bákónì.

Ìdí tí mítà 3 fi ṣe pàtàkì, ẹ lè fi ìṣirò kékeré hàn wọ́n. Ojú ẹni tó dúró ní àjà kejì ga ní nǹkan bíi mítà 4.7 sí ilẹ̀. Tí fẹ́ǹsì bá ga ní mítà 2.4, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 8, tí ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà sì jìnnà sí fẹ́ǹsì ní mítà 3, fẹ́ǹsì yẹn ń bo ilẹ̀ yín títí dé nǹkan bíi mítà 3 sínú. Tí ó bá sún mọ́ fẹ́ǹsì dé mítà 1.5, mítà 1.6 péré ló bò fún yín. Ibi tí ẹ ń sá aṣọ sí, ẹnu kàǹga, ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, gbogbo rẹ̀ bọ́ síta. Tí ilẹ̀ tiwọn bá tún fi mítà 1 ga ju tiyín lọ, àní kí ó wà ní mítà 3 gan-an, ibi tí fẹ́ǹsì ń bò á dín kù sí nǹkan bíi mítà 2.2. Ilé tí ẹlẹ́hàá bá ń gbé, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà láìtijú. Ó máa ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju àròyé lásán lọ. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà kan ṣoṣo, ìlà kan fún ilẹ̀, ìlà kan fún fẹ́ǹsì, ìlà kan láti ojú dé ibi tó ń rí. Ojú ìwé mẹ́fà ọ̀rọ̀ kò tó bébà yẹn.

Ọ̀rọ̀ àjà kúrú. Ẹni tó ní bọ́ńgálò lòun ń kọ́, tó wá ń gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4 sí àwọn igun ilé, tó ń to irin sínú rẹ̀ bí ẹní, tó sì ń gbé òpó kọnkéré dúró lórí rẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ dájú pé ó ń gòkè ni. Irin tó bá yọ orí sókè lẹ́yìn tí wọ́n ti da dẹ́kìn àjà kejì, ti àjà kẹta ni. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Tí ìwé àṣẹ bá sọ pé àjà méjì, fọ́tò irin náà ti rojọ́ tán.

Ti àṣẹ ló ní ìwé jù. Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992, Decree 88, ló la gbogbo èyí sílẹ̀: ìwé àṣẹ kí wọ́n tó kọ́lé, ìwé ìdádúró iṣẹ́, ìwé ìkìlọ̀, ìwé ìwólé. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ti ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú, nítorí náà ẹ má bínú tí wọ́n bá ní fáìlì náà wà ní Sẹkitéríàtì, Agodi, tí kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kàn béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó wà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ilé tó bá wà nínú ẹ́sítéètì ìjọba, bíi Bódìjà, ọwọ́ Housing Corporation, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé gbígbé, náà wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà ránṣẹ́ síbẹ̀ ní ọjọ́ kan náà.

Tí wọn kò bá fẹ́ sọ bóyá ìwé àṣẹ wà, òfin tó fún ará ìlú láyè láti béèrè ìwé ìjọba, Freedom of Information Act ti 2011, fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Àríyànjiyàn lórí bóyá ó de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ parí ní 2025, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó dè wọ́n. Ẹ má béèrè fún pílánì ilé olónílé o. Wọ́n á ní nǹkan àṣírí ni, wọ́n á sì fi ìyẹn dá yín dúró. Ohun mẹ́rin péré: nọ́ńbà ìwé àṣẹ, ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀, iye àjà tó wà nínú rẹ̀, àti àyè tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tiyín. Ẹ lè fi ìbéèrè kan kún un, pé ṣé òǹtẹ̀ ayàwòrán tó ní ìwé ARCON (àjọ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀) àti ti ẹnjiníà COREN (àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀) wà lára rẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ti ẹnjiníà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú mọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, wọ́n sì máa ń tètè dìde sí i. Bákan náà ni tí ilé náà bá wà létí odò: ìlú tó rí omíyalé Ògùnpa ní 1980, tó tún rí ti Oṣù Kẹjọ 2011, kì í fojú kékeré wo ìyẹn.

Àkókò wá ni ohun tí iṣẹ́ yìí fi ń kùnà jù. Lẹ́tà lè lo ọ̀sẹ̀ méjì láti orí tábìlì kan dé èkejì: akọ̀wé á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ọ̀gá á kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, á wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa jáde, wọ́n á tún máa wá mọ́tò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ilé kò dúró. Kọnkéré máa ń nílò ọjọ́ 28 kó tó gbó dáadáa, igi tí wọ́n fi gbé dẹ́kìn dúró kò sì yẹ kó tètè kúrò, ṣùgbọ́n bíríkìlà ò ní dúró dè é. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn dẹ́kìn, búlọ́ọ̀kù ti ń gòkè. Kóòṣì búlọ́ọ̀kù kan, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù kan lórí èkejì, ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22.5. Kóòṣì mẹ́rin jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ojú fèrèsé sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbà kí kóòṣì kẹrin tó gún kò ná onílé ní nǹkan kan. Ohun tí ẹ bá fẹ́ gbà lẹ́yìn rẹ̀, wíwó ni, kò sì sẹ́ni tó ń wó nǹkan pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sì fẹ́ràn láti da dẹ́kìn, pàápàá Sátidé tó bá ṣáájú Iléyá tàbí Àjíǹde, nígbà tí òṣìṣẹ́ ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Tí ẹ bá rí páńkọ́ àti ọparun tó ń wọlé lọ́jọ́ Ajé, tí irin ń tò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́rú ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì, kí ẹnì kan sì dúró tì í.

Lẹ́tà náà, ojú ìwé kan tó. Àdírẹ́sì ilé yín àti ti ibi tí wọ́n ń kọ́; nọ́ńbà sọ́fè yín; nọ́ńbà àyè tí ẹ wọ̀n àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n; ibi tí iṣẹ́ dé; ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, tí kò ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sọ bóyá àṣẹ wà, kí wọ́n dá iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ tiyín dúró títí wọ́n á fi wọ̀n ọ́n. Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ má jáde láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kí ẹni tó gbà á sì kọ orúkọ rẹ̀. Fọ́tò gbọ́dọ̀ ní ohun tí gbogbo èèyàn mọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú. Búlọ́ọ̀kù kan tó dùbúlẹ̀ tó, íǹṣì 18 ni gígùn rẹ̀. Ẹni tó wá fẹjọ́ sùn kò wá ra nǹkan: tí wọ́n bá ní kí ẹ san owó, ẹ béèrè rìsíìtì ìjọba, ọ̀rọ̀ owó náà á sì yanjú ara rẹ̀.

Tí wọ́n bá dé, ẹ ó rí iṣẹ́ tó dára. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á bi onílé léèrè ìwé, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ STOP WORK àti ọjọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ náà tún rọ. Ọ̀dà pupa ò lẹ́sẹ̀, kò lè ṣọ́ ilé. Òmíràn á rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀, òmíràn á máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kùtù. Ẹni tó sì rúfin yẹn lè padà lọ gba ìwé fún ilé tó ti kọ́, kó san owó ìtanràn, kí fáìlì pa dé. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí máàkì yìí kéré: ìwé àṣẹ ń mú owó wọlé fún ọ́fíìsì, ẹjọ́ aládùúgbò kì í mú owó wọlé. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí wọ́n bá kun ọ̀dà, ẹ tún kọ lẹ́tà kékeré pé, tí wọ́n bá fẹ́ gbà kó sanwó ìtanràn, kí wọ́n fi àtúnṣe fèrèsé ṣe ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n máa bá a dì. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè èyí, ibẹ̀ sì ni ohun rere kan ti lè jáde.

Àtúnṣe tó ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀. Èyí tó dára jù ni kí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ láti orí kóòṣì keje, ó fi díẹ̀ ju mítà 1.5 lọ, kó sì dé líńtẹ̀, ìyẹn kọnkéré orí fèrèsé, ní mítà 2.1. Afẹ́fẹ́ wọlé, ìmọ́lẹ̀ wọlé, ojú kò jáde. Ilé ìwẹ̀, ibi àkàsọ̀ àti ìdáná wọn lè gba irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ láìní wàhálà. Yàrá ni wọ́n máa bá yín jà lé lórí, ẹ sì lè ní kí wọ́n yí fèrèsé yàrá sí iwájú tàbí ẹ̀yìn. Bákónì, ẹ ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù olójú-ihò di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí yín, kó ga tó mítà 1.8. Gíláàsì tí kò ṣeé rí inú rẹ̀, ẹ má gbà á nìkan: wọ́n á ṣí i nígbà ooru, ooru Ìbàdàn sì ń bẹ. Àfi tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ pátápátá.

Kíkọ́ fẹ́ǹsì tiyín sókè lè dà bí ohun tó rọrùn, àmọ́ búlọ́ọ̀kù íǹṣì 6 tó bá kọjá ẹsẹ̀ bàtà 8 láìní òpó, òjò àti ìjì kan péré ni. Igi másíkírédì tí wọ́n gbìn ní mítà kan síra á bo ojú dáadáa lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹ gbìn ín lónìí, ohun yòówù kí ọ́fíìsì sọ.

Tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ bá dákẹ́, ẹ gbé ẹ̀dà olóǹtẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ ní Agodi. Public Complaints Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú lórí ọ́fíìsì ìjọba, tó ti wà láti 1975, kì í gba owó, ó sì ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dá sí ọ̀rọ̀ tó bá ti wà nílé ẹjọ́, kì í sì í fẹ́ gba ẹni tí kò tíì kọ́kọ́ lọ bá ọ́fíìsì tó yẹ. Ìdí nìyẹn tí òǹtẹ̀ yẹn fi ṣe iyebíye. Tó bá máa di ilé ẹjọ́, ẹ tètè rí lọ́yà: òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba sábà máa ń fún èèyàn ní oṣù 3 péré láti ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àti baálẹ̀ wúlò fún ohun kan, ìyẹn láti mú kí bíríkìlà sinmi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí òṣìṣẹ́ lè dé. Ẹ má retí ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá ń bọ̀, ẹ mú téèpù mítà 30 tiyín dání. Tiwọn sábà máa ń wà nínú mọ́tò tó ti jáde.